Àbàrí Banigbé Ti Dé Libreville

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà àwa ọmọ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti òkèèrè. Mo kí Bàbá wa, mo kí àbúrò mi Ràímì àti ìyàwó rẹ̀ Ràfátù. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Àgbà tó wà ní Banigbé. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kà á sí wọn létí. Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, nítorí ó kan gbogbo ọmọ Nàgó tó wà lẹ́yìn odi.

Ara mi le. Ara ẹ̀gbọ́n mi Bákàrè náà le. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń la igi ní Libreville níbí la ṣì wà. Òun ní bíúrò tí wọ́n ti ń kọ̀wé, èmi nídìí ayùn. Òjò ibí kì í rò ó kó tó rọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí kálukú ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, àárò ilé á máa sọ mí ṣáá. Owó tí a fi ránṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ra ohun tó bá wù yín jẹ.

Ẹni tó ti ilé dé sọ fún wa pé ẹ ti fi àbàrí sílẹ̀, pé ẹ kò fi ewé pọ́n àgbàdo lọ sọ́jà mọ́. Ó ní apá ń ro yín, pé búrẹ́dì tó ń ti Àjàṣẹ́ wá ló kù tí àwọn ọmọ ń béèrè. Ó tún ní Ìyá Àgbà sọ pé ó parí nìyẹn, nítorí ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ọmọbìnrin ni àbàrí ìdílé yín ní Banigbé ń gbà, ẹ̀yin sì rèé, ọkùnrin nìkan lẹ bí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá mi lára mu rárá. Màmá mi, ta ló ń jókòó tì yín nídìí ààrò ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọjà? Ṣebí èmi ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún òmìnira Dahomey kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbí fẹnu kò pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ ilé rẹ̀ wá. Láàárín àwa Nàgó, kò sí obìnrin kan tó mọ àbàrí sè. Àwọn kan ní ká kúkú ra búrẹ́dì àti sadíìnì. Mo ní èmi yóò sè é. Inú bí Bákàrè. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa fi ìyá wa ṣẹ̀sín ni, pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń dáná bí ìyàwó tuntun. Ó búra pé òun kò ní bá mi jókòó níbi fẹ́ẹ̀tì àjọ̀dún náà. Mo ní kò burú, kí ó jókòó síbi tó bá wù ú.

Mo rẹ àgbàdo, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Mo fi iná ro díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n tó dà á mọ́ tútù tó kù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ mi, kí àgbàdo má baà rọlẹ̀ kí omi sì dá lórí. Mo fi epo dín àlùbọ́sà àti irú, mo fi ata àti edé sí i. Ewé ló wá fẹ́ dójú tì mí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fi pọ́n ọn ya, àwọn tí mo ti pọ́n sì dà sómi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Obìnrin ará ibí kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ wa ló gbà mí. Ewé tó fi ń pọ́n ẹ̀gẹ́ rẹ̀, àfi bíi gbódógì wa! Ó fún mi, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi iná rọ̀ ọ́ kó má baà fàya. Òun ni mo fi pọ́n àgbàdo tó kù, mo sì sè é jinná.

Lọ́jọ́ fẹ́ẹ̀tì, bàbá aránṣọ kan wà láàárín wa, ọmọ Tchaada lẹ́bàá Banigbé, tó ti pẹ́ gan-an tí kò ti rí ilé. Ó tú ewé, ó bù ú jẹ, ó tún bù ú jẹ. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé obìnrin Banigbé wo ló wà láàárín wa. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ yín. Ó ní Banigbé ni òun ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe, pé ilé kan ṣoṣo ló ń se é báyìí níbẹ̀, òun kò sì rò pé òun tún máa fi ẹnu kàn án láyé mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún yín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí Bákàrè dúró sí lẹ́yìn èrò ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ìyá kan náà ló bí àwa méjèèjì, ó sì béèrè bóyá ó ku ẹyọ kan fún òun. Nígbà tí èrò tú ká, òun ló bá mi fọ ìkòkò.

Nítorí náà, ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé kò parí o. Bí apá bá ń ro yín, ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ máa fẹnu darí Ràfátù. Ọmọ ọlọ́mọ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ilé wa ló ń gbé, àwọn ọmọ wa ló sì máa bọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ kọ́ ọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ẹ fún un láyè nídìí iná.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàwọn ará Banigbé àti Tchaada. Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. A kò ní fi ojú sunkún ara wa. A ó fi ayọ̀ rí ara wa.

Ọmọ yín tó ń kí yín tọkàntọkàn,
Àyìndé