Ilẹ̀kùn Tó Ga Tó Bàbá Mi

Bàbá mi, ọ̀gá irin, àlejò tó sọ Ifangni dilé,

Ọmọ yín tó ga bí igi àgbọn ló ń kí yín. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ mọ̀ pé èmi àti gègé bíìkì ò ṣọ̀rẹ́. Ẹ gbé irin fún mi, kẹ́ ẹ wá rí ọ̀mọ̀wé!

Àtélíè wa, ṣọ́ọ̀bù irin yín, ṣì wà. Èmi ni pátírọ́ọ̀n, ọ̀gá ibẹ̀, báyìí o. Mo ti ra awò dúdú tuntun tí mo fi ń jó irin, ó bá ojú mi mu ju ti ọkọ ìyàwó lọ. Tiyín ṣì wà lórí ìṣó níbi tẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí. Mi ò lè wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rántí pé iwájú orí yín ló máa ń wà, tẹ́ ẹ bá ń jẹun gan-an?

Ẹnu lásán ni mò ń ṣe, Bàbá. Iṣẹ́ ò wọlé. Wọ́n ní ọwọ́ iṣẹ́ náà ti bá ọlọ́wọ́ ẹ̀ wọlẹ̀, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ra géètì.

Nígbà tẹ́ ẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ìdírókò wọ̀lú yìí, ẹ ò ní nǹkan kan àfi òòlù, àti ẹnu tó ń pe pọ́táì àwọn ará ibí ní géètì. Ẹ ò ní mẹ́tà. Ara yín lẹ fi ń wọn irin. Ẹ máa ṣí fìlà, ẹ máa fẹ̀yìn tì í, kí n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sókè orí yín. Ibẹ̀ lẹ ti ń gé ilẹ̀kùn kékeré inú géètì, èyí téèyàn ń gbà wọlé. Nígbà tẹ́ ẹ wá ra mẹ́tà, ẹ ò yí padà. Ẹ sì kúrú, Bàbá! Ẹ má bínú, ará ilé ìyá mi ni mo fi gígùn jọ. Bí gbogbo onílé Ifangni ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba wọ ilé ara wọn nìyẹn. Àlejò ló ń tẹ orí onílé ba! Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ kú, tí káfíńtà ń wá ìwọ̀n yín fún pósí, mi ò jẹ́ kó fi okùn kàn yín lára. Ilẹ̀kùn kékeré ilé wa ni mo mú un lọ wọ̀n. Pósí náà bá yín mu wẹ́kú. Látìgbà yẹn, tí mo bá gun ọ̀kadà zẹ̀mí bọ̀ láti Igolo nírọ̀lẹ́, mi ò rí géètì mọ́. Ẹ̀yin ni mò ń rí lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, ẹ dúró. Kí lẹ ń ṣọ́?

Alápààrọ̀ owó kan ní Igolo kọ́lé tuntun, ó gbé iṣẹ́ fún mi. Tí mo bá ṣe é dáa, gbogbo ilé ẹ̀bá bọ́dà á wá. Tí mo bá bà á jẹ́, a jẹ́ pé kí n ti àtélíè, kí n lọ máa wa zẹ̀mí. Ọ̀gbẹ́ni náà ga jù mí lọ. Ó na ìka sí mi:

“Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ẹ ti tẹ orí bàbá mi ba tó. Èmi ò ní tẹríba wọ ilé mi láéláé.”

Mo fèsì pé: “Pátírọ́ọ̀n, ràkúnmí á gbabẹ̀ kọjá, á tún jó!”

Mo fi mẹ́tà wọ̀n ọ́n. Mi ò mu ọtí sódábì o. Mo gé e, mo jó o, mo gbé e dúró: ẹ̀yin ló dúró. Ó ga tó yín gẹ́lẹ́. Ta ló dì mí lọ́wọ́ mú, Bàbá? Màmá wò ó títí. “Bàbá ẹ ò tíì lọ,” ni wọ́n wí, wọ́n bá padà sídìí gàrí wọn.

Mo tú u ká, mo tún un gé, mò ń bá yín jà nínú ọkàn mi. Ó wá ga. Àná la rì í mọ́lẹ̀. Alápààrọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó gbé àyà síwájú, ó wọlé.

Ó tẹríba.

Kò sí irin kankan nítòsí orí ẹ̀, Bàbá. Ó dúró, ó fọwọ́ pa ọrùn, ó wojú mi. Mo ti ń wá yẹ̀yẹ́ tí mo máa fi í ṣe. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Èmi tí mo jó ilẹ̀kùn náà fúnra mi, orí mi lọ sílẹ̀.

Kò bínú. Ó ní kí n bá àbúrò òun náà ṣe tiẹ̀. Àtélíè ò ní tì.

Lọ́la ni mo máa gé irin. Ṣé kẹ́ ẹ wá fẹ̀yìn tì í kí n fa ìlà, àbí kẹ́ ẹ sún díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ká lè kọjá? Èwo lẹ fẹ́?

Èmi ni, ọmọ yín gígùn, tó ṣì ń tẹríba fún yín.