Ẹni Tí Àlàájì Fi Sílẹ̀

Èmi, Yẹ̀kínì Adékúnlé Àlùkò, tí wọ́n bí ní Jallah Town ní Monrovia, tí mo sì kàwé mẹ́fà ní abúlé Ìdí-Ẹmì lẹ́bàá Ṣakí, ni mo ní kí wọ́n kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe mí, orí mi pé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ó ní egbò ẹsẹ̀ mi ti wọ inú egungun, òun kò sì lè ṣèlérí pé n óò jí. Nítorí náà ni mo ṣe ń pín ohun tí mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràfátù àti Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé Adégbénró, tíṣà àdúgbò wa, ni kí wọ́n mú un ṣẹ. Kí wọ́n má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kó lè dùn létí ẹnikẹ́ni.

1. Mo fi àwọn adìẹ mi àti àgò wọn sílẹ̀ fún Ràfátù. Kí ó má pa àkùkọ dúdú yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti ń wò ó láti Iléyá tó kọjá.

2. Mo fi àlùmọ́gàjí ìgéṣọ mi sílẹ̀ fún Suwebat, télọ̀, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Èmi ni mo rà á, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Benson Street. Nígbà tí mo di ọlọ́pàá olùyọ̀ǹda, àwa tí a ní iṣẹ́ ojúmọ́ tiwa, tí a ń fi ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ran àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sọ mí ní Sájẹ́ǹtì Aláṣọ. Ó ní ọ̀pá ìwọnṣọ ni n óò fi mú olè. Mo bínú nígbà náà. Ní báyìí, ó wù mí kí n tún gbọ́ ọ. Bí ó bá rí ọkọ mìíràn, kí ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń ta aṣọ ní Benson Street.

3. Fèrè, bàtà àti fìlà mi méjèèjì, ti àgọ́ ọlọ́pàá ni. Kí wọ́n dá wọn padà. Fìlà kejì wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, Àlàájì Mọ́nsúrù Òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́yìn káńtà, tó fi í kọ́ síbẹ̀, kí àwọn ṣójà tí ń wọlé mú lápà, aṣọ ìró tí à ń tà, lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lè máa rí i. Láti ìgbà náà, wọn kò wọlé mọ́.

Nígbà tí bàbá mi kú, Àlàájì ló gbà mí sílé. Bàbá ni mo ń pè é. Òun ni mo kọ́kọ́ bi léèrè kí n tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo Yorùbá tó wà ní mọ́sálásí, ó ní: "Ọmọ mi nìyí. Mo fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú." Wọ́n kí i títí, wọ́n ní irú ọ̀gá báyìí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí a délé, ó ní ọjọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹnu iṣẹ́ òun ni mo wà, pé ohun tó bá ṣe mí níbẹ̀, òun ló ṣe.

4. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Kí wọ́n fún Hajarat, ìyàwó Àlàájì. Kí wọ́n sọ fún un pé kí ó gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀ kí ó tó tì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin rẹ̀ kò ní wọlé. Èmi nìkan ni mo ti ń tì í. N kò fẹ́ kí olè jà wọ́n nítorí mi.

Ní Sátidé kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọjà Duport Road, àwọn èrò ká ọkùnrin kan mọ́, wọ́n ní olè ni. Mo dúró síwájú rẹ̀. Àdá tí wọ́n jù sí i, ẹsẹ̀ mi ló bà. Ọkùnrin náà yè. Ràfátù lọ bẹ Àlàájì pé kí ó wá rí dókítà. Ràfátù ní ó ń ká lápà, kò gbójú sókè. Àlàájì ní: "Ràfátù, ṣé o ò sí ní mọ́sálásí lọ́jọ́ yẹn ni? Mo ní mo fi í sílẹ̀. Ẹni tí mo ti fi sílẹ̀, èmi náà ni n óò tún máa gbé kiri ọsibítù?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò yí i padà. Lójú àwọn èèyàn, ó yọ̀ǹda mi. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, ó di pé ó ti lé mi. Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá láti kékeré, n kò bi í léèrè èwo ló ní lọ́kàn.

Sájẹ́ǹtì tó jẹ́ ọ̀gá mi ní àgọ́ ọlọ́pàá fẹ́ lọ bá Àlàájì jà. Mo ní kí ó má lọ. Mo ti jẹ oúnjẹ Àlàájì rí.

5. Yálà mo jí ní Mọ́ńdè tàbí n kò jí, kí Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró ka abala yìí ní àgbàlá mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tí wọ́n ti dì mí lọ́wọ́ mú: Mo fi Àlàájì Mọ́nsúrù Òkè sílẹ̀. Bí ó bá béèrè èwo ni mo ní lọ́kàn, kí tíṣà tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì máa lọ sílé.

Mo fọwọ́ sí i lórí ibùsùn mi ní Monrovia, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1987.

Yẹ̀kínì A. Àlùkò

Àwọn tó rí i bí mo ṣe fọwọ́ sí i:
Bísọ́lá Adégbénró, nọ́ọ̀sì, tó bá mi kọ ọ́
Kẹ́hìnsí Àjàlá, tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi