Gìtá Tí Bàbá Ṣe Kẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi Mikail,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san, wọ́n ti ń dá rìn dé mọ́sálásí.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fi ń kọ̀wé. Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Áwoyaya, wọ́n so okùn mọ́ gìtá tuntun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Wọ́n ta á, wọ́n gbé etí lé e, wọ́n tún ta á. Wọ́n wá bi mí pé, "Fàúsátù, ṣé ó dún?"

Ó dún, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn gan-an. Ẹkún ni mo bú sí.

Dókítà ní etí wọn ti di pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù ò ṣeé fi bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wá sílé, kí wọ́n rí ojú yín. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Àbúrò yín,
Fàúsátù