Ohun Tó Ń Dán Nínú Ọ́ìlì Ọkọ̀ Ọmọ Mi

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-ìwé.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ìdíje Ọkọ̀ Asáré,
Àjà Kejì, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ỌKỌ̀ PUPA NỌ́ŃBÀ MẸ́TÀDÍNLÓGÚN TÍ WỌ́N BÁ IRIN NÍNÚ Ọ́ÌLÌ RẸ̀, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ó MÁ ṢE SÁRÉ TÍTÍ ẸLÒMÍRÀN YÓÒ FI YẸ̀ Ẹ́ WÒ

1. Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ohun wínníwínní tó ń dán, tí mo fi ojú ara mi rí nínú fíltà ọ́ìlì ọkọ̀ àbíkẹ́yìn mi. Èkejì ni ẹnu tí ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ fi sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà tí ẹ̀yin kọ sí mi. Ẹ̀kẹrin ni fóònù mi tí kò dún mọ́. Ìkarùn-ún, tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, ni ìdíje, orúkọ ọmọ mi sì wà lára àwọn tí yóò sáré.

2. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ilé ìkẹ́rùsí ilé-ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Iṣẹ́ náà bá ìwà mi mu. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń gba ènìyàn síṣẹ́ àníyàn, èmi ni wọn ìbá fi ṣe ọ̀gá pátápátá. Ní ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì náà, orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Bàbá Ṣé-Kò-Léwu. Mo mọ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n pé mo ń ṣàníyàn kò ní kí ojú mi fọ́.

3. Ọmọ mi obìnrin ló ni ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, dókítà eyín ni, eyín àwọn ènìyàn ló ń tọ́jú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, eré ọkọ̀ ló ń sá. Lọ́dún yìí, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì tún un tò. Ọ̀gá tó tò ó ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, nítorí pé èsì tó ń fún oníbàárà nìyẹn kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ tán. Òun kan náà ni ìgbìmọ̀ yín fún láṣẹ láti fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ yẹ fún ìdíje. Ẹni tó tò ó ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn mi ti bẹ̀rẹ̀.

4. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ọmọ mi a máa wá gbé mi nílé. Kò sí ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ ju pé kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà àlòkù, kí n mu ohun tútù tó bá rà fún mi, kí n sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ọkọ̀, nítorí kò lè ṣe kó má bá àwọn ọmọṣẹ́ ibẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

5. Ibẹ̀ ni Kò-Sí-Wàhálà fúnra rẹ̀ ti kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Nígbà kan, wọ́n gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn to ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó fi ayùn la fíltà rẹ̀, ó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi mágínẹ́ẹ̀tì rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pè mí. “Bàbá, ẹ wá wò ó. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé yìí, irin líle ni, ara eyín jíà ló ti wá. A lè máa ṣọ́ ọ. Èyí tí kò gbé, tó pọ́n bíi bàbà yìí, ara béárìn ló ti ń bó, béárìn tó gbé irin ńlá tó ń yí nínú ikùn ẹ́ńjìnnì dúró. Ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.” Ó ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà má tilẹ̀ ṣáná sí i mọ́. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi wọ́ ọ lọ. Mo yin ọ̀gá náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì yìn ín tọkàntọkàn.

6. Ní oṣù tó kọjá, ó kan ọkọ̀ ọmọ mi. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì tò. Bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sínú abọ́, ó ń dán ju ti ìgbà méjì àkọ́kọ́ lọ, wìnrìnwìnrìn bí ọ̀dà tí àwọn ọmọbìnrin ń kùn sí èékánná. Wọ́n la fíltà, wọ́n tẹ́ bébà rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì rìn lórí rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé nǹkan kan. Kò-Sí-Wàhálà na mágínẹ́ẹ̀tì náà sókè kí gbogbo wa lè rí i. “Ó mọ́ tónítóní! Dókítà, ẹ lọ fọkàn yín balẹ̀.”

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó pọ́n, tó sì ń dán, ṣì wà lórí bébà níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì fi wọ́n sí. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, “Ọ̀gá, èyí tí kò gbé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ní kí n bẹ̀rù nìyí?” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ṣé-Kò-Léwu! Ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń fọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó fọ ẹnu rẹ̀.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì wo ló ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ó ká bébà náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí. Kí ó tó yọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, ó ti fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ náà yẹ. Èmi lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù náà, mo mú bébà jáde, mo fi ọ̀rá wé e.

7. Mo bá ọmọ mi sọ ọ́ bí a ṣe ń lọ sílé. Ó ní, “Bàbá mi, ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n.” Kò lè ṣe kó má sọ bẹ́ẹ̀: ọkùnrin náà ló ti ń bá a tọ́jú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi sì ni bàbá tó ń bẹ̀rù àkàbà. N kò pe ọ̀gá náà ní òpùrọ́. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Bí ó bá gbà pé béárìn ń bó, ó gbà nìyẹn pé òun ni kò tò ó dáadáa, ní àsìkò tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ fún ìdíje. Àmọ́ bí béárìn náà bá jẹ tán lórí eré, ẹ́ńjìnnì á gan lójijì, táyà ẹ̀yìn á gan pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ti ẹni tó di sítíárìn mú mọ́. Ọmọ mi ni yóò di sítíárìn náà mú.

8. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé àkọ́kọ́ sí yín. Mo bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ó hàn pé èmi ni. Mo fi bébà fíltà náà sínú rẹ̀ kí ẹ lè fún àwọn tó mọ irin yẹ̀ wò. Èsì yín kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé ẹ ti fi ẹ̀sùn mi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, pé ilé-iṣẹ́ náà ti fèsì pé ọkọ̀ náà dára, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ẹni tí mo fi sùn, ẹ sì tún kó ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Níbo ni bébà náà wà báyìí? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, mo mọ ibi tí dúrọ́ọ̀mù náà wà. Ọpẹ́ ni pé mo jẹ́ ẹni tí mo jẹ́: ìdajì ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ìdajì kejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, ìyàwó mi sì ń ráhùn pé gbogbo aṣọ òun ti ń rùn bíi mọ́tò.

9. Kò-Sí-Wàhálà ka lẹ́tà mi sókè ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọmọ mi. Mo gbọ́ pé ohùn mi ló fi kà á, tó tún ń wú ikọ́ mi níbi tó bá ti yẹ kó mí. Ọmọ mi wá sílé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò jókòó. “Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé kí wọ́n má jẹ́ kí n sáré? Ẹ mọ bí mo ṣe jìyà tó kí n tó dé ibi tí mo dé yìí? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè!” Mo ní mo béèrè, lójú gbogbo wọn. Ó ní, “Ẹ ò béèrè. Ẹ kàn ń bẹ̀rù ni.” Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó jẹun, ó ní òun ti yó. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, a ní, “Ẹ bá mi kí Bàbá,” bí ẹni ń kí onílé.

10. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le:

(a) kí ẹ yan mẹkáníìkì mìíràn, tí kò bá Kò-Sí-Wàhálà da nǹkan pọ̀, kí ó tú ìdí ẹ́ńjìnnì náà, kí ó sì fi ojú rí béárìn rẹ̀;

(b) kí ọkọ̀ náà má tò sórí ìlà ìdíje kí èyí tó ṣẹlẹ̀;

(d) kí ẹ ṣòfin pé ẹni tó bá to ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá tú u tí béárìn rẹ̀ sì pé pérépéré, n ó lọ bá ọ̀gá náà, n ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì máa fi orúkọ tó bá wù wọ́n pè mí. Ní ti ọmọ mi, bó fẹ́ kó máa bínú sí mi títí n ó fi kú, mo gbà. Ó ní láti wà láàyè kó tó lè bínú. Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ka èyí dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

11. N kò ní fi ohun tó kù lọ́wọ́ mi sínú àpò lẹ́tà mọ́, n kò sì ní fi lé akọ̀wé kankan lọ́wọ́. Mo ń mú un bọ̀ fúnra mi. N ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín títí ẹni tó láṣẹ yóò fi wò ó níṣojú mi. Ìyàwó mi, tó ti ń fi àníyàn mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé mi, ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ. Ó wo bébà náà lójú oòrùn lánàá, ó wò ó pẹ́, kò sì dá àpárá kankan. A ó gbéra nílé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá yìí.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí ìdájọ́ òdodo,

Bàbá awakọ̀ ọkọ̀ pupa nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún,
Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ilé-ìwòsàn, tó ti fẹ̀yìn tì.