Ẹja Tí O Fi Ránṣẹ́

Ìyá Kaluba, olólùfẹ́ mi,

Ẹja tí o fi ránṣẹ́ láti Samfya ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun gan-an. Ọjọ́ náà ni mo sè é, mo fi jẹ nshima, òkèlè àgbàdo wa, débi pé mo ń lá ìka. Kapambwe tá a jọ ń gbé yàrá sá síta, ó ń pariwo: "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ẹja yìí ti jẹrà! Ṣé o ò gbóòórùn ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Inú run mí díẹ̀, ó ti lọ.

Má dààmú o. Ọ̀fìnkìn lásán ló dí mi nímú. Gbogbo àwa tá a ń yọ́ bàbà ní àgọ́ yìí la ní in, èéfín iná ìléru ló fà á. Tèmi kàn pẹ́ díẹ̀ ni, láti ìgbà tí òjò ti dá.

Aṣọ tí o fi wé ẹja náà, mo mọ̀ ọ́n: òun lo fi ń pọn Kaluba. Mi ò tíì fọ̀ ọ́. Lánàá mo gbé e fún Kapambwe, mo ní kó bá mi gbóòórùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wo ojú mi, ó gbé aṣọ náà símú. Ó ní ẹja ni, lẹ́yìn náà èéfín igi, lẹ́yìn náà ìtọ̀ ọmọ.

Mo ní kó tún gbóòórùn rẹ̀.

Bá mi kí ìyá mi. Bí Kaluba bá tún tọ̀ sí ọ lẹ́yìn, jọ̀ọ́, má bá a wí.

Èmi ni,
Mumba rẹ