Téépù Tó Wà Lára Wáyà

Ìkòtún, Èkó

Ṣàkírù àbúrò mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó wa tó ṣèèṣì fẹ́ ọ nígbà tí èmi wà níbẹ̀. Mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ìyá Mubarakah ti sàn, ó ti ń lé mi kiri ilé.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń gbẹ́ irin, èyí tí o fi ránṣẹ́ láti Jámánì, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ kẹ̀kẹ́ kékeré tá à ń fọwọ́ yí láti fi sún un. À ń yí i, ẹ̀rọ ò mira. Gàníyù tí mo kọ́ níṣẹ́ sọ pé ohun tó ń ka iye yíyí nínú kẹ̀kẹ́ náà ti kú, pé kí n bẹ̀ ọ́ kí o ta ẹ̀rọ fún òun ní irin kọ́ńdẹ̀m. Díẹ̀ ló kù kí n gbà.

Lánàá, mo ń yí kẹ̀kẹ́, mo ń tẹ wáyà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò. Mo tú téépù ibẹ̀, mo rí i pé wáyà kan ti já lábẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ bú eku, àmọ́ eku wo ló ń lẹ téépù, tó tún ṣẹ́ etí téépù náà padà kó lè rọrùn láti tú? Èmi ni mo kọ́ Gàníyù bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi òjé so wáyà náà pọ̀. Jọ̀ọ́, tó bá pè ọ́, má ta ẹ̀rọ yẹn fún un.

Láàárọ̀ yìí ó wá bá mi kẹ́dùn lórí ẹ̀rọ, a jókòó ti ẹ̀bà. Mo ní, "Gàníyù, bá mi yí kẹ̀kẹ́ yẹn wò ná." Ó yí i, ẹ̀rọ rìn. Ó wò mí. Mo ní, "Eku kan tó ń lẹ téépù ló gé wáyà ẹ̀, mo ti so ó." Kò lè parí oúnjẹ ẹ̀. Èmi náà ò lè parí tèmi.

Ọlọ́run ò ní fi ẹni tá a fọwọ́ ara wa kọ́ dán ọ wò. Fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́, kí n rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nùrẹ́nì