Fóònù Yín Kò Bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù yín lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe. Nígbà tí ẹ pè pé ó ti ya wèrè, Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè ṣàlàyé.

Láàárọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù inú géèmù yín ń sáré lójú kọ̀ǹpútà ilé wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fi fóònù wà á láti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún fíríìjì ṣe, mo sì ń wò ó. Àfi bí Màámi ṣe wọlé. Bóyá oníbàárà gbé fíríìjì dé lọ́dọ̀ yín ni, ọkọ̀ ṣàdédé dúró sáàárín títì.

Màámi ní, "Ṣé kò ní pa ọmọ ọlọ́mọ báyìí? Ibo ni mo máa tẹ̀?"

Mo fi hàn wọ́n. Ẹ má bínú, àgbà ló bi mí.

Wọ́n ń wà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni ẹ tún gbé fóònù. Ẹ yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. "Ta ló ń bá mi du ọkọ̀?" Ìgbà tí ọkọ̀ já sódò ni mo tó jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin ni.

Wọ́n wo aago. "Níbi iṣẹ́?"

Mo kọ èyí sílẹ̀ torí pé èmi àti Màámi ti lọ kí àbúrò wọn, a ó padà lálẹ́. Tí wọ́n bá bi yín bí iṣẹ́ ṣe lọ, ẹ má purọ́, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n nítorí odò yẹn. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, kí ẹ gbájú mọ́ fíríìjì yín, àwọn ni yóò máa wa ọkọ̀.